Orí Ọlọ Ni Ọmọrogùn Ń Sùn

Òórùn ẹ̀kọ ló máa ń jí mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, kì í ṣe àkùkọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni òórùn ògì tó ti wà lórí iná máa ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, á ti dà pọ̀ mọ́ èéfín igi kajú, á sì wá bá mi lórí ẹní. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà lásìkò yẹn, ẹ mọ òórùn tí mò ń wí. Ó kan díẹ̀, ó dùn díẹ̀, ó sì máa ń ṣe èèyàn bíi kó tún yí padà sùn. Lẹ́yìn òórùn náà ni màá gbọ́ ìró ọmọrogùn nínú ìkòkò, gbùù, gbùù, bíi ti ẹni tó ń wa ọkọ̀ lójú omi. Lẹ́yìn náà á dákẹ́, màá sì gbọ́ "kó", ìró igi lórí òkúta. Ìyá Àgbà ti gbé ọmọrogùn kalẹ̀ nìyẹn. Orí ọlọ kan náà, ojú ibì kan náà, ní gbogbo òwúrọ̀ tí Ọlọ́run dá.

Ìyá Àgbà ló bí ìyá mi. Ọ̀yọ́ ni èmi ń gbé títí mo fi tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, ní agboolé kan tí kò jìnnà sí ọjà Akẹ̀sán, níbi tí bàbá mi ti ń ránṣọ. Ilé ìdáná ìyá mi dà bí ọjà náà gan-an: gbogbo nǹkan ló wà níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ rí i ni yóò wá a. Wọ́n á gbé ṣíbí sórí ọmọrí ìkòkò, ọmọrí á wà lórí àpótí, ẹlòmíràn á sì wá jókòó lórí àpótí náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá mi jókòó lé ṣíbí ọbẹ̀ gbígbóná, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì jẹ́ pé ṣòkòtò funfun ni wọ́n wọ̀. Ìyá mi á ní, "Ilé tí ẹ ò bá ti gbọ́ 'ṣíbí dà', àwọn tó ń jẹun níbẹ̀ ò pọ̀ ni." Bàbá mi á ní kò burú, àwọn á kúkú máa jẹ tiwọn lórí ìdúró.

Nígbà tí ìyá mi bí ìbejì, ní nǹkan bí ọdún 1987, wọ́n ní kí n lọ máa gbé lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà. Ọwọ́ ìyá mi ti kún, Ìyá Àgbà sì ń dá gbé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí inú rẹ̀ ò dùn pé òun kọ́ ni wọ́n mú, sin mí dé ìdíkọ̀, ó sì rọra sọ fún mi létí pé kí n ṣọ́ra o. Ó ní ìyá arúgbó tó bá ń dáná nínú òkùnkùn láìtan àtùpà, ó ní ojú mìíràn tó fi ń ríran. "Àwọn ìyá ni," ló wí. Ó wá fún mi ní gúgúrú, bí ẹni tó ń dágbére fún òkú.

Òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tí mo yọjú sí ilé ìdáná Ìyá Àgbà, kò sí àtùpà níbẹ̀ lóòótọ́. Iná ààrò nìkan ló ń jó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìyá Àgbà jókòó tì í, wọn ò wo ìkòkò, wọn ò wo ọwọ́ wọn. Iwájú gangan ni wọ́n kọjú sí, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya ní fọ́tò. Ọwọ́ wọn nìkan ló ń rìn. Ó lọ sápá òsì, ó mú ọmọrí. Ó lọ sápá ọ̀tún, ó mú ọmọrogùn. Ó nà síwájú, ó bu iyọ̀. Kò ṣì í rárá. Mo ní ó ti parí, ẹ̀gbọ́n mi ti sọ ọ́. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, sálúbàtà mi ò kúrò lẹ́sẹ̀ mi lórí ẹní, torí mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé bàtà ni màá ṣì máa wá lọ́jọ́ tí eré bá yá. Ibi tí màá sá lọ gan-an ni mi ò rò. Ìlú tí mi ò mọ ibòmíràn níbẹ̀ ju ìdíkọ̀ lọ.

Ọlọ tí mò ń wí yìí, ọlọ àtijọ́ ni, tí ẹnì kan kò fi lọ ata mọ́. Ìdajì rẹ̀ ti bù. Ó wà lápá ọ̀tún ààrò, ata ọgbọ̀n ọdún sì ti gbẹ́ ihò méjì tí kò jìn sí i lójú. Ọmọrogùn máa ń sùn sínú ihò kan, ṣíbí ọbẹ̀ á sùn sínú èkejì, igi ìdí wọn á sì yọ síta sọ́dọ̀ ẹni tó ń dáná. Iyanrìn ò lè dé ẹnu wọn níbẹ̀, adìyẹ ò lè ṣá wọn jẹ, ọbẹ̀ tó bá sì kán sílẹ̀ lára wọn, inú ihò náà ni yóò wà. Ọmọrí ìkòkò, apá òsì, kó dojú sókè. Iyọ̀ wà nínú agolo mílíìkì lẹ́sẹ̀ ìkòkò omi, kán-ún wà nínú agolo kejì lẹ́yìn rẹ̀, kò gbọdọ̀ ṣáájú. Ní òwúrọ̀ kejì mo ro ẹ̀kọ fún wọn díẹ̀, mo sì gbé ọmọrogùn gbára lé igi ìdáná, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wa. Ìyá Àgbà na ọwọ́ sórí ọlọ. Ọwọ́ náà dúró. Wọn ò bú mi. Wọ́n kàn ní, "Ọmọ Ọ̀yọ́, níbí yìí, ohun gbogbo ló ní ibùsùn. Orí ọlọ ni ọmọrogùn ń sùn." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ yẹn ló tún bà mí lẹ́rù jù. Mo ní àjẹ́ tó níwà pẹ̀lẹ́ ló burú jù lọ.

Ọjọ́ kẹjọ ni ojú mi là. Mo ti fọ aṣọ ìró wọn kan, mo sá a sórí okùn lẹ́yìnkùlé, atẹ́gùn sì ń fẹ́ ẹ. Ìyá Àgbà jáde láti ilé ìdáná, wọ́n dúró, wọ́n rẹ́rìn-ín sí aṣọ náà.

"Ìyá Rábì, ẹ kú àárọ̀ o. Àlùbọ́sà tẹ́ ẹ tà fún mi ní Sábó lọ́jọ́ yẹn mà dáa o. Ẹ ò wọlé kẹ́ ẹ jókòó ni?"

Aṣọ ò dáhùn. Ìyá Àgbà tún ní, "Àbí ẹ ń bínú sí mi ni?" Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo fọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ni mo wo ojú wọn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti dé, nítorí pé láti ọ̀sẹ̀ kan náà, ẹsẹ̀ wọn ni mò ń wò tí mo bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹyin ojú wọn méjèèjì ti funfun bí omidùn orí ògì. Wọ́n rìn lọ síwájú, wọ́n fọwọ́ kan aṣọ náà, wọ́n sì fi ìka wọn mọ etí ibi tí wọ́n rán. "Aṣọ mi ni," ni wọ́n sọ jẹ́jẹ́. Ẹni tí mo tìtorí rẹ̀ sùn pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, aṣọ ara rẹ̀ ló ń kí.

Wọ́n ní kí n wá jókòó. Wọ́n ní, "O ti rí i."

Mo ní, "Mo ti rí i, mà."

"Ìmọ́lẹ̀ nìkan ni mò ń rí, àti òjìji. Ọ̀nà tó kù, ọwọ́ mi ló ń rìn ín. Bàbá Ṣadé tó wà ní Ìlọrin, àbúrò ìyá rẹ, ti ń wí fún mi láti ọdún tó kọjá pé kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Tó bá gbọ́ èyí, ọjọ́ náà ni yóò wá kó mi. Wọ́n á gbé mi jókòó sórí àga, wọ́n á máa gbé oúnjẹ wá bá mi bí àlejò. Ẹni tí kò bá lè dáná fúnra rẹ̀ mọ́, àlejò ni nínú ilé ara rẹ̀. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Mo wá ní, "Ìyá Àgbà, ilé ìwòsàn ńlá mà wà nílùú yìí."

"Kí wọ́n fi ọ̀bẹ kan ẹyin ojú mi? Mo ti fi ọ̀bẹ kan ẹyin ojú ẹja rí. Mo mọ bó ṣe ń rí lẹ́yìn náà." Wọ́n tún ní, "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè..."

"...ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́," ni mo parí fún wọn. Mo jẹ́jẹ̀ẹ́ pé mi ò ní í sọ fún ẹnikẹ́ni. Àṣé ẹ̀jẹ́ rọrùn láti jẹ́ nígbà tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ìyá òun kì í ṣe àjẹ́.

Ọdún méjì tó tẹ̀lé e yẹn, tí wọ́n bá ní kí n mú ọdún méjì nínú ayé mi kí n tún un gbé, òun ni màá mú. Tí a bá ń lọ sí Sábó láti ra àlùbọ́sà àti ata gbígbẹ, Ìyá Àgbà á gbé ọwọ́ lé mi léjìká, àwọn èèyàn á máa sọ pé, "Ẹ wo bí ìyá yìí ṣe fẹ́ràn ọmọ ọmọ wọn." Wọ́n fẹ́ràn mi lóòótọ́, àmọ́ èmi ni ọ̀pá. Tí gọ́tà bá wà níwájú, màá wúkọ́. Tí ẹni tó mọ̀ wọ́n bá ń bọ̀, màá tètè kí i kó tó débi tí a wà, màá pe orúkọ rẹ̀ sókè, Ìyá Àgbà á sì gba ìkíni náà lẹ́nu mi, wọ́n á bèèrè ọmọ, wọ́n á bèèrè iṣẹ́. Wọ́n ń yìn mí ní gbogbo Sábó pé ọmọ tó ń kíni ni mí. Ìyá mi tó fi pàṣán kọ́ mi ní ìkíni ní Ọ̀yọ́ tí kò bọ́ sí i, ì bá yà wọ́n lẹ́nu.

Ní ilé ìwé, tí wọ́n bá ti lu agogo ìsinmi, eré ló kù. Màá sáré gba abẹ́ àwọn igi máńgòrò, màá dé ilé ìdáná, màá fi ojú ka gbogbo nǹkan: ọlọ wà níbẹ̀, agolo iyọ̀ wà níwájú, ewúrẹ́ ò tíì ti ìkòkò omi sún. Màá tún sáré padà. Mo máa ń pẹ́ dé kíláàsì, tíṣà wa á sì nà mí. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ni mò ń sáré lọ wò nílé lójoojúmọ́. Mo ní, "Ṣíbí, sà." Ó fún mi ní ẹgba mẹ́ta lé sí i.

Ohun tí mo wá ń rántí jù ni àwọn ìrọ̀lẹ́ tí a bá jókòó sílé ìdáná, tí Ìyá Àgbà á ní kí n di ojú mi. "Iyọ̀ dà?" Màá na ọwọ́. "Ọmọrí dà? Ìgbakọ dà?" Níbẹ̀rẹ̀, inú eérú ni ọwọ́ mi máa ń wọ̀, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Nígbà tó yá, mi ò ṣì í mọ́. Wọ́n kọ́ mi pé kéèyàn tó gbé nǹkan sílẹ̀, kó kọ́kọ́ ro ẹni tó máa wá a lẹ́yìn òun. Mi ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó tó ìyẹn lẹ́nu àlùfáà kankan, béèyàn bá ní kí n sọ òótọ́.

Nígbà ọyẹ́ ọdún kejì ni Bàbá Ṣadé wá láti Ìlọrin, òun àti ìyàwó rẹ̀, láìránṣẹ́ ṣíwájú. Wọn ò tíì jókòó tán tí wọ́n fi sọ ohun tó gbé wọn wá. Wọ́n ní ẹnì kan rí Ìyá Àgbà lójú ọ̀nà, ó kí wọn, wọ́n wò ó lójú kòró, wọn ò sì dá a mọ̀. Bàbá Ṣadé ní, "Ìyá, mi ò fẹ́ ká máa bára wa fà á. Ẹ ro ọkà láfún fún mi bí ẹ ṣe máa ń rò ó. Màá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, màá máa wò yín. Tí mo bá rí i pé nǹkan ń lọ bó ṣe yẹ, èmi àti Ìyá Ṣadé nìkan la máa padà sí Ìlọrin lọ́la. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ máa di ẹrù yín."

Ìyá Àgbà ní, "Ìwọ ṣáà ti múra láti jẹun." Mo ń wo wọ́n, ara mi sì balẹ̀. Kò sí ohun tí Ìyá Àgbà ò lè rí nínú ilé ìdáná yẹn. Kí n tó lọ síbi ọkọ̀ lọ kó báàgì tí wọ́n ní kí n kó, mo tún fi ojú ka gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó pé.

Ohun tí mi ò rò ni Ìyá Ṣadé. Ẹ sì mọ̀ pé ìyàwó ilé ò lè jókòó káwọ́ lẹ́rán kí ìyá ọkọ rẹ̀ máa dáná. Bí mo ṣe jáde báyìí ló ti ṣán ìró mọ́dìí, ó wọlé, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín tún ibí ṣe, mà," Ìyá Àgbà ò sì lè sọ pé rárá láìsọ ìdí. Ó fọ ọmọrogùn, ó fọ ṣíbí, ó kó wọn sínú abọ́ omi lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó gbé ọlọ lọ sídìí ògiri kó lè ráàyè gbálẹ̀. Ó kó agolo méjèèjì sórí pẹpẹ. Nígbà tí mo fi padà dé, ilé ìdáná ti mọ́ tónítóní bí ilé tí wọ́n ti kó jáde. Omi ti ń hó. Bàbá Ṣadé ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Àgbà, tí etí wọn ti sọ fún wọn pé nǹkan ti yí, na ọwọ́ ọ̀tún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ síbi tí ọlọ máa ń wà. Ilẹ̀ lásán ni wọ́n bá. Ọwọ́ náà dúró síbẹ̀, kò tẹ̀ síwájú, kò padà. Mo rí ojú Bàbá Ṣadé tó ń tẹ̀lé ọwọ́ náà.

Ẹ̀rù bà mí débi pé ìtọ̀ fẹ́ bọ́ lára mi. Ẹ má rò pé mò ń ṣe ìyàngàn níbí. Kò sí ìwà akin kankan nínú ohun tí mo ṣe. Mo fẹ́ sá ni. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tó wà, Bàbá Ṣadé ló jókòó dí i. Ẹnu mi sì là fúnra rẹ̀.

"Ìyá Ṣadé, ẹ ti rú èèwọ̀."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé pé wọ́n ti bí mi kí wọ́n tó gbé Ìyá Ṣadé wọlé. Nítorí náà, ọkọ ni mo jẹ́ sí i, bí mo ṣe kéré yẹn. Kì í pe orúkọ mi. Akọ̀wé ló fún mi lórúkọ, ó sì máa ń kúnlẹ̀ kí mi, èmi tí mo ṣì ń fi apá aṣọ nu imú.

"Akọ̀wé, èèwọ̀ kẹ̀? Kí ni mo ṣe?"

"Wọn kì í gbé ọmọrogùn sínú omi tí ìkòkò bá ti wà lórí iná. Orí ọlọ ló ń sùn. Ẹni tó bá gbé e kúrò níbẹ̀, ọbẹ̀ rẹ̀ ò ní í dùn mọ́ láéláé."

Ìyá Ṣadé tó jẹ́ pé ọbẹ̀ rẹ̀ ni gbogbo ẹbí fi ń yìn ín. Ó fọwọ́ lé orí. "Ẹ dákun, mi ò mọ̀ ni o. Ẹ sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń tò ó." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ, mo sì ń pariwo rẹ̀ kí ẹni tó yẹ kó gbọ́ lè gbọ́. Ọlọ padà sápá ọ̀tún, ó tún sún díẹ̀ sí iná. Ọmọrogùn rèé nínú ihò ti òkè. Ọmọrí lápá òsì, ó dojú sókè. Iyọ̀ ti wà níwájú, kán-ún ti wà lẹ́yìn.

Bàbá Ṣadé ní, "Ẹ dúró ná. Èèwọ̀ wo nìyẹn? Inú ilé yìí ni wọ́n bí mi sí, mi ò gbọ́ ọ rí."

Mo mọ̀ pé Ìyá Àgbà kì í purọ́. Nígbà tí wọ́n ṣì ń ta ẹ̀kọ, ẹni tó máa ń dá owó tó bá lé padà fún oníbàárà ni wọ́n. Wọ́n kọjú sí ibi tí ohùn ọmọ wọn ti wá, wọ́n ní, "Ọmọ tó ń bá mi gbé ló mọ èèwọ̀ mi. Ìwọ ńkọ́, ìgbà wo lo sùn nílé yìí gbẹ̀yìn?"

Bàbá Ṣadé wo ilẹ̀. Ìyá Àgbà na ọwọ́ sórí ọlọ, wọ́n mú ọmọrogùn, wọ́n sì ro ọkà náà. Kò ní kókó kan ṣoṣo. "Kó", wọ́n gbé e kalẹ̀. Bàbá Ṣadé jẹ ẹ́ tán, wọ́n fi ìka nu abọ́, wọ́n sì wí pé àwọn èèyàn Ògbómọ̀ṣọ́ fẹ́ràn àhesọ jù. Nígbà tí ọkọ̀ wọn lọ lọ́jọ́ kejì, Ìyá Àgbà ò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọn ò sì bá mi wí. Wọ́n kàn ń fọ àwo, wọ́n ní, "Èèwọ̀ náà le o. Ṣé ọbẹ̀ ìyá rẹ tó wà ní Ọ̀yọ́ ṣì ń dùn ṣá?" A rẹ́rìn-ín títí tí mo fi jókòó sílẹ̀.

Mo parí kíláàsì kẹfà, wọ́n sì ní kí n padà sí Ọ̀yọ́ wá wọ ilé ìwé girama. Ọmọbìnrin kan nínú ẹbí, tó jù mí lọ ní bí ọdún mẹ́ta, ni wọ́n fi rọ́pò mi. Ọjọ́ kan péré la fi jọ wà níbẹ̀. Mo fi ibùsùn ohun gbogbo hàn án, ó ní kí ló burú níbẹ̀ tí òun bá gbé e síbòmíràn. Mo sọ èèwọ̀ náà fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ sáyẹ́ǹsì ni òun. Ìdí gan-an wà létè mi. Mo wo ojú Ìyá Àgbà, wọn ò sọ nǹkan kan. Mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́, ẹ̀rù ẹ̀jẹ́ sì ń bà mí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù pé Ìyá Àgbà á bínú tún ń bà mí. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Oṣù kejì ni ìròyìn dé bá wa ní Ọ̀yọ́. Ọmọbìnrin náà gbé ìkòkò omi gbígbóná kalẹ̀ lápá òsì ààrò, níbi tí ọmọrí máa ń wà, ó sì jáde lọ pe ẹnì kan. Ìyá Àgbà na ọwọ́ láti mú ọmọrí. Omi náà bó wọn láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Bàbá Ṣadé wá, wọ́n kó wọn lọ sí Ìlọrin. Ibẹ̀ ni dókítà ti wo ọwọ́, tó sì wo ojú. Bàbá Ṣadé dúró ní pálọ̀ wa, wọ́n ń sọ fún ìyá mi pé dókítà ní ká ní wọ́n tètè gbé ìyá wá ní ọdún méjì ṣáájú ni, ó ṣeé ṣe kó ní ohun tí àwọn lè ṣe sí ojú náà. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tó bi mí léèrè ohunkóhun. Wọ́n ní ọmọdé ni mí, kí ni mo mọ̀.

Ìgbà ìsinmi ni mo tó lọ sí Ìlọrin. Ìyá Àgbà wà lórí àga ní pálọ̀, bí wọ́n ṣe sọ gẹ́lẹ́ pé wọ́n máa wà. Wọ́n ti wọ̀ wọ́n láṣọ tó dáa. Ọwọ́ wọn wà lórí itan, èyí tó jóná kò tíì nà dáadáa. Wọ́n ní kí n lọ yọjú sí ilé ìdáná, kí n wá sọ ohun tí mo rí fún àwọn. Sítóòfù gáàsì ni Ìyá Ṣadé ń lò, gbogbo rẹ̀ ń dán. Lápá ọ̀tún sítóòfù, lórí tábìlì tó mọ́ yẹn, òkúta pẹrẹsẹ kan wà, tí wọ́n gbé láti odò wá, ọmọrogùn sì sùn lé e lórí. Mo padà lọ sọ fún Ìyá Àgbà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ Ọ̀yọ́, o ti dá èèwọ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ìdílé." Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ọwọ́ padà sórí itan. Wọ́n ní, "Wọn kì í jẹ́ kí n débẹ̀." Kò pé ọdún méjì sí i tí wọ́n fi sùn.

Mo ti sún mọ́ àádọ́ta báyìí. Akọ̀wé tí wọ́n ń pè mí kò ṣẹ lára mi. Fọ́ọ̀mù kẹta ni mo ti kúrò nílé ìwé, mo lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Ilé ìdáná ni mò ń ṣe jù nínú iṣẹ́ mi, kọ́bọ́ọ̀dù àti pẹpẹ, ní Ọ̀yọ́ níbí. Kí n tó wọn igi, màá ní kí ìyá onílé dúró síwájú iná, kó di ojú rẹ̀, kó na ọwọ́ bí ẹni pé ó fẹ́ mú ṣíbí. Ibi tí ọwọ́ náà bá lọ, ibẹ̀ ni màá fi àmì sí. Àwọn mìíràn máa ń fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní káfíńtà yìí ti ya wèrè. Àwọn ọmọ Ṣadé, tí wọ́n ti dàgbà, sọ fún mi nígbà ìsìnkú kan lẹ́nu àìpẹ́ yìí pé àwọn náà ń pa èèwọ̀ ọmọrogùn mọ́, pé ti ìdílé wa ni láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Mo mi orí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọmọ tó dúró sílé ìdáná lọ́jọ́ náà, tí ìtọ̀ fẹ́ bọ́ lára rẹ̀, ó dá a lójú pé òun ń gba ìyá rẹ̀ sílẹ̀ ni. Ó bẹ̀rù, àmọ́ kò ṣiyèméjì. Èmi tí mo dàgbà yìí, kò sí ẹni tó ń bà mí lẹ́rù mọ́, mo sì ń ṣiyèméjì lójoojúmọ́. Ká ní mo sọ̀rọ̀, bóyá wọn ì bá ríran. Ká ní mo sọ̀rọ̀, wọn ì bá má ní ọdún méjì yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò wọn, èmi náà ì bá má ní in. Mo máa ń wò ó lọ́tùn-ún, mo máa ń wò ó lósì. Gbogbo nǹkan tí Ìyá Àgbà fi lé mi lọ́wọ́ ni mo mọ ibùsùn rẹ̀. Ti ọ̀rọ̀ yìí nìkan ni mi ò mọ̀, ó sì ti ń wúwo lọ́wọ́.